Wo Ọ̀tún fún Mi

Kò sí oníbàárà tí Oníkànnì kò lè bú. Bí ọkùnrin tó ń ta táìlì bá wá bá a, tó ní òun fẹ́ kí orúkọ òun máa tàn yẹ̀rìyẹ̀rì lójú ìkànnì òun, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò ní, "Ó dáa, sà." Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn pa dé lẹ́yìn ọkùnrin náà báyìí. Á yínmú sí i, á ní orí tí Ọlọ́run fún ẹni yẹn, torí kó lè rí ibi dé fìlà sí ni.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń kọ́ ìkànnì fún àwọn oníṣòwò lórí ayélujára, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn àdúgbò fi sọ ọ́ ní Oníkànnì. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Àbùkù ibẹ̀ ni pé kò sí nǹkan kan nínú iṣẹ́ ọ̀hún tí kò rí fín. Ó rí oníbàárà fín. Ó rí ẹ̀rọ aṣàwárí fín, ẹ̀rọ tí gbogbo oníṣòwò ń forí balẹ̀ fún kó lè gbé orúkọ wọn síwájú nígbà tí ẹnì kan bá ń wá nǹkan rà. Ẹ̀rọ tuntun tó ń dá èèyàn lóhùn bí ẹni pé ó gbọ́n, ó ní ayékòótọ́ tó jẹ iná mànàmáná yó ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń polówó ọjà lórí ayélujára, àwọn yẹn ni kò fẹ́ rí sójú rárá.

Ọ̀kan nínú wọn ló sì bá a pín yàrá. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yàrá náà wà, lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún bàtà ṣe, pákó fẹ́lẹ́ kan ni wọ́n fi pín in sí méjì, òórùn gọ́ọ̀mù bàtà sì máa ń bá wọn níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Lódìkejì pákó ni ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Kìn-ín-ní ń jókòó sí. Kò tíì ní mu omi tí yóò ti máa pariwo sínú fóònù pé, "Ẹ jẹ́ n gbé yín dé ojú ìwé kìn-ín-ní, màmá. Ẹni tí ẹ̀rọ aṣàwárí ò bá gbé sí ojú ìwé kìn-ín-ní, ẹ jẹ́ ká kúkú ní kò sí láyé." Ẹni tó ń ta bẹ́ẹ̀dì àti ẹni tó ń ta pósí, ọ̀rọ̀ kan náà ló fi pọ́n àwọn méjèèjì lé lórí ayélujára: "Ẹni tó bá ti bá wa rajà lẹ́ẹ̀kan, dandan ni kó padà wá." Lọ́jọ́ tí Oníkànnì ka èyí lórí ìkànnì onípósí, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó, ó ní, "Ṣé o tiẹ̀ máa ń ka nǹkan tó ò ń kọ?"

Ọ̀gá Kìn-ín-ní ní, "Ẹ̀rọ ló ń kà á. Kí ni kí èmi máa kà á ṣe?"

Inú kì í bí ọkùnrin yẹn. Èyí gan-an ló tún máa ń bí Oníkànnì nínú sí i.

Àṣà kan wà lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ ìkànnì. Kí oníbàárà tó kó ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wá, wọ́n ní láti kọ ohun kan sínú àyè tó ṣófo, kí wọ́n lè rí bí ojú ìwé náà ṣe jókòó. Ọ̀rọ̀ játijàti ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń dà sí i, èyí tí kò ní ìtumọ̀ kankan. Oníkànnì ní tirẹ̀, èébú ló máa ń kọ. Ó kọ sójú ìwé lọ́yà kan pé, "A kì í sábà jàre, ṣùgbọ́n aṣọ dúdú wa máa ń mọ́." Ó kọ sí ti dókítà eyín pé, "Ẹ wá, ká jọ sunkún." Yóò kọ ọ́ tán, yóò kà á, èjìká rẹ̀ á máa mì jìgìjìgì níbi tó ti ń dá nìkan rẹ́rìn-ín. Tí oníbàárà bá wá kó ọ̀rọ̀ gidi dé, á pa èébú rẹ́, á sì kọ ìyìn síbẹ̀. Ó ní adùn tó kù nínú iṣẹ́ náà kò ju ìyẹn lọ.

Àǹtí ni àbúrò ìyá rẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, Àǹtí ló gbà á tọ́, ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ tí Àǹtí dá sílẹ̀ ló sì rán an níléèwé. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kò ní ju yàrá kékeré kan lẹ́bàá ibùdókọ̀ àti ọkọ̀ kan tó ní bíréèkì méjì, ọ̀kan lẹ́sẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan lẹ́sẹ̀ olùkọ́. Àràárọ̀ ni Àǹtí máa ń fi ọkọ̀ yìí gbé Oníkànnì lọ síbi iṣẹ́, torí pé ọmọ tí wọ́n fi ọkọ̀ wíwà tọ́ dàgbà yìí kò mọ ọkọ̀ wà. Ẹ bi í pé kí ló dé. Á ní ọkọ̀ ń bọ̀ tí yóò máa wa ara rẹ̀, ta ló wá fẹ́ máa làágùn lórí ohun tí ẹ̀rọ fẹ́ gbà lọ́wọ́ èèyàn?

Iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àǹtí, ló máa ń jókòó sí. Á yẹ ẹsẹ̀ kúrò nídìí bíréèkì olùkọ́ bí ẹni pé ó ń dí òun lọ́wọ́, á na ẹsẹ̀, á dorí kọ fóònù. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dé oríta ni Àǹtí máa ń sọ pé, "Wo ọ̀tún fún mi."

Oníkànnì kì í gbójú sókè. Á ní, "Ó mọ́." Àǹtí á tẹ iná mọ́ ọkọ̀, wọ́n á lọ.

Lójú tirẹ̀, ìwà olùkọ́ ni. Ẹni tó ti ń kọ́ni láti ọjọ́ yìí wá, kò lè rí èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má bi í ní ìbéèrè.

Ní ọdún tó kọjá, ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ kan tí ọkọ̀ rẹ̀ ní ẹ̀rọ amúlétutù, tí ògiri rẹ̀ jẹ́ gíláàsì, ṣí sí òpópónà kejì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Àǹtí wá bá Oníkànnì, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, bá mi ṣe ìkànnì tèmi náà. Wọ́n ní ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, àfi bí ẹni tí kò sí láyé."

"Ta ló sọ ìyẹn fún yín?"

"Ọmọkùnrin tó wà lódìkejì pákó yín ni. Ó bọ̀wọ̀ fúnni gan-an."

Oníkànnì fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó rí i pé ojú Àǹtí kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Wọ́n ní, "Tí ilé-ẹ̀kọ́ yìí bá kógbá wọlé, mi ò mọ nǹkan mìíràn ṣe. Ọkọ̀ ni mo mọ̀." Ó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ó yan àwọ̀ ewé tó dára fún un. Nígbà tó dé ojú ìwé tí àwọn èèyàn ti máa ń bèèrè ọ̀rọ̀, tí Àǹtí ò sì tíì kó ìdáhùn kankan wá, ọwọ́ àtijọ́ ló bá fi kọ ọ́:

"Ta ni yóò kọ́ mi? Olùkọ́ kan ṣoṣo ló wà. Ojú rẹ̀ ọ̀tún ti lọ sinmi, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò sinmi rí. Ṣé ọ̀nà máa ń mọ́? Olùkọ́ á bi yín. Ẹ ṣáà ti ní ó mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí Ọ̀gá Kìn-ín-ní fi ọwọ́ gbá pákó pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí Àǹtí dé, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ojú ìwé ìbéèrè rárá. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó pè mí. Ẹnu kò wọ́n mi." Oníkànnì wá yọ orúkọ ojú ìwé náà kúrò lókè, níbi tí àwọn èèyàn ti ń rí ọ̀nà gbà wọlé, ó ní iṣẹ́ parí. Kò pa ojú ìwé náà gan-an rẹ́. Àfi bí ẹni tó yọ ilẹ̀kùn yàrá, tó fi bíríkì dí ojú rẹ̀, tí ẹrù sì kún inú yàrá náà bámú. Èèyàn ò lè débẹ̀ mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ aṣàwárí kì í bá wa gba ẹnu ọ̀nà. Ìkànnì fúnra rẹ̀ ló ń ya àwòrán gbogbo yàrá inú rẹ̀ fún un, ẹ̀rọ á sì máa wọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Oníkànnì mọ èyí bí ẹní mowó. Ó ti bú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí irú ẹ̀ rí, ó pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Àmọ́ ẹ̀rọ kan tó ti rí fín tipẹ́, kò wá sọ́kàn rẹ̀ pé ó lè máa ka ọ̀rọ̀ òun.

Láyé ìsinsìnyí, àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣí ìkànnì mọ́. Fóònù ni wọ́n ń bi. Wọ́n á ní, "Ibo ni mo ti lè kọ́ ọkọ̀ wíwà nítòsí ibí?" Ẹ̀rọ tuntun inú fóònù á wo ohun tí ẹ̀rọ aṣàwárí ti kó jọ, á fi ohùn dídùn dá wọn lóhùn, wọ́n á gbà á gbọ́, wọ́n á máa lọ.

Dípò kí akẹ́kọ̀ọ́ máa wá, ṣe ni àwọn tó kù ń yọ́ lọ. Èyí ní òun fẹ́ rìnrìn àjò. Tọ̀hún ní ọkọ òun ti fẹ́ máa kọ́ òun fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bú Àǹtí, kò sẹ́ni tó bínú, gbogbo wọn kàn ń bẹ̀bẹ̀ ni. Níkẹyìn, nọ́ọ̀sì kan tí ọmọ rẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀ lọ́dọ̀ wọn ni kò lè fi pamọ́ mọ́. Ó fa Àǹtí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó tẹ fóònù, ó ní kí wọ́n fúnra wọn gbọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Àǹtí gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá. Wọ́n jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé orúnkún. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni.

"Fóònù ń sọ̀rọ̀ mi," ni wọ́n wí. "Ó ní olùkọ́ kan ṣoṣo ni mo ní, ó ní ojú rẹ̀ ọ̀tún ò ríran mọ́. Ó ní kí àwọn èèyàn rò ó dáadáa kí wọ́n tó wá."

Oníkànnì rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ̀rọ tí kò ní làákàyè ni. Irọ́ ló máa ń pa. Ẹ bi í lọ́la, á ní ẹ ti kú."

Àǹtí ò rẹ́rìn-ín. Oníkànnì bá ronú díẹ̀, nǹkan kan sì sọ sí i lọ́kàn. Ilé-ẹ̀kọ́ onígíláàsì yẹn, ta ló ń bá wọn polówó? Ó dìde fùú, ó yí pákó po. Ó ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, mo ti mọ̀ pé o ò nítìjú, mi ò mọ̀ pé ó tó báyìí. Ìyá àgbà ni kí o wá bà lórúkọ jẹ́ torí oníbàárà rẹ?"

Ọ̀gá Kìn-ín-ní yọ fóònù létí. Ó ní kó tún un sọ, ó ní òun ò gbọ́ ọ yé. Nígbà tó yé e, ó bi ẹ̀rọ náà ní ìbéèrè kan náà lójú rẹ̀, ohùn dídùn yẹn sì tún un sọ látòkè délẹ̀. Àmì kékeré kan wà lábẹ́ ìdáhùn náà, tó máa ń fi ibi tí ẹ̀rọ ti mú ọ̀rọ̀ hàn. Ọ̀gá Kìn-ín-ní fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ojú ìwé kan ṣí. Àwọ̀ ewé ló ní.

Ó kà á sókè ketekete. Ó dé ibi tí ojú ọ̀tún ti lọ sinmi, tí ẹnu kò sinmi rí. Ó gbé ojú sókè, ìyàlẹ́nu tòótọ́ hàn lójú rẹ̀.

"Ìwọ lo kọ eléyìí? Ó mà dùn o. Èmi ò lè kọ báyìí láéláé. Irú èyí gan-an ni ẹ̀rọ fẹ́ràn, ohun tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ."

Ká ní ó bú u ni, ìbá sàn. Oníkànnì padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wá ojú ìwé náà rí, ó pa á rẹ́ pátápátá. Ó ti to irọ́ tó fẹ́ pa fún Àǹtí lẹ́nu. Ó fẹ́ ní ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe, pé òun ti tún un ṣe. Ó yíjú sí wọn.

Àǹtí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Ta ló sọ fún un?"

"Fún ta, Àǹtí?"

"Fún ẹ̀rọ yẹn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò sọ fún ìwọ gan-an. Dókítà ojú ṣèlérí fún mi pé ọ̀rọ̀ ò ní jáde ní yàrá òun." Wọ́n ń yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́. "Tí mo bá sọ ọ́, kí ni mo fẹ́ máa jẹ? Ó ní kí n wá kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú náà, ó ní kí n má wakọ̀ títí dìgbà náà. Mo ní màá wá. Mi ò lọ."

Gbogbo oríta tí wọ́n ti kọjá ló tò wá síwájú Oníkànnì.

Ọ̀gá Kìn-ín-ní ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ látẹ̀yìn pákó. Ó yọ orí síta, ó ní, "Màmá, ẹ má jáyà. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ yìí. Màá to ìyìn yín sórí ayélujára lọ súà. Màá ní ojú yín mú ju ti ọmọdé lọ. Ẹ̀rọ á gbàgbé tìṣáájú."

Àǹtí gbójú sí i. "Ó lè gbàgbé?"

"Kí ló fẹ́ rántí? Èyí tó pọ̀ jù ló máa ń sọ."

Oníkànnì rí bí ara Àǹtí ṣe balẹ̀ díẹ̀. Ó rí i pé nǹkan lè parí síbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á padà, ilé-ẹ̀kọ́ á dúró, dókítà ojú ni yóò sì gba ẹ̀bi náà lọ. Ó wo Ọ̀gá Kìn-ín-ní níbi tó ti dúró, tó ń rẹ́rìn-ín àánú, ó fẹ́ kórìíra rẹ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá, kò rí i ṣe. Ọkùnrin yẹn ń purọ́ kí èèyàn lè jẹun. Òun ń purọ́ kí òun lè rẹ́rìn-ín. Ara rẹ̀ rí i lára.

Ó ní, "Àǹtí, èmi ni mo kọ ọ́. Dókítà kọ́. Mo fi ń ṣe àwàdà ni, mo gbàgbé láti pa á rẹ́."

Bàtà kan ń gba òòlù nísàlẹ̀.

"O mọ̀ pé ojú mi ò ríran?"

"Mi ò mọ̀. Ọlọ́run gbọ́, mi ò mọ̀."

"Ṣùgbọ́n ọ̀tún lo kọ. O ò kọ òsì."

Kó tó di ìsinsìnyí, Oníkànnì kò bi ara rẹ̀ rí pé kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀tún.

"O rí i nígbà náà," ni Àǹtí wí. "O rí i, ẹ̀rín lo fi rín." "Jẹ́ n bi ọ́ ní nǹkan kan. Gbogbo ìgbà tí mo bá ní kí o wo ọ̀tún fún mi, tó o ní ó mọ́, ṣé o máa ń wò ó?"

Ọ̀gá Kìn-ín-ní rọra fa orí rẹ̀ padà sẹ́yìn pákó.

"Ṣé o máa ń wò ó?"

"Rárá, mà."

Àǹtí wò ó látòkè délẹ̀. Oníkànnì mọ ìwò náà, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń wo àwọn oníbàárà bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀kùn bá ti pa dé. Kò sẹ́ni tó wo òun bẹ́ẹ̀ rí.

"Ojú rẹ ni mo fi ń wakọ̀," ni wọ́n wí. "Mo rò pé mo ní ojú kan nílẹ̀."

Wọ́n dìde. Wọ́n ké sí Ọ̀gá Kìn-ín-ní pé kó má ṣe ìyọnu, kó má kọ nǹkan kan, ọmọ ọlọ́mọ ni àwọn ń kọ́ ní ọkọ̀ wíwà. Wọ́n ní ilé-ìwòsàn ojú kò tíì pa dé, àwọn ń lọ síbẹ̀ nísinsìnyí kí ọkàn àwọn tó yí padà. Oníkànnì ní kí wọ́n jẹ́ kí òun pe takisí. Wọ́n ní àwọn ò ní fi ọkọ̀ àwọn sílẹ̀ sójú títì fún ẹnikẹ́ni, pé ọ̀nà ibẹ̀ kò jìn, tó bá fẹ́ wá kó wá.

Ó tẹ̀ lé wọn. Ó jókòó síwájú, ó ju fóònù sínú báàgì, ó sì gbé báàgì náà sẹ́yìn. Ó gbé ẹsẹ̀ sídìí bíréèkì olùkọ́. Jẹ́jẹ́ ni Àǹtí ń wakọ̀, wọ́n di sítíárìn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, wọn ò sì bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n kọjá níwájú ilé-ẹ̀kọ́ onígíláàsì. Wọ́n dé oríta.

Àǹtí dá ọkọ̀ dúró díẹ̀.

"Wo ọ̀tún fún mi."

Títì náà dákẹ́, kò sí ariwo ọkọ̀ kankan. Oníkànnì gbójú sókè, ó yí ọrùn rẹ̀, ó wò. Ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ iléèwé ń sáré bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ irun rẹ̀, kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ wọn. Táyà ọkọ̀ ti ń yí díẹ̀díẹ̀ síwájú.

Ó ní, "Kò mọ́, Àǹtí."

Ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì ló tẹ bíréèkì.